Agbaṣẹ́ṣe ń fún òṣìṣẹ́ tó ń bá wa ra ọjà ní ẹ̀bùn: ṣé kí n lé òṣìṣẹ́ náà ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe àga àti tábìlì ọ́fíìsì ni mo ni, òṣìṣẹ́ 40 ló wà níbẹ̀. Ní ọdún 2 sẹ́yìn, mo kọ ìwé ìlànà ìwà, gbogbo òṣìṣẹ́ sì buwọ́ lù ú. Ó wà nínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba rìbá. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní kọ̀rọ̀ pé agbaṣẹ́ṣe tó ń kó pákó àti irin wá fún wa ra fóònù tuntun fún ẹni tó ń bá wa ra ọjà, ó sì ti bá a san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ nígbà kan. Ọdún kẹfà tí ọkùnrin náà ti ń bá wa ṣiṣẹ́ nìyí, mi ò sì ká ohunkóhun mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Òun ló ń yan ẹni tí a ó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń gba ọjà wọlé, òun náà ló ń mú ìwé owó lọ bá akáwó. Owó máa ń pẹ́ kó tó tẹ àwọn tó ń tajà fún wa lọ́wọ́, ó lè tó oṣù 3 tàbí 4, torí àwọn oníbàárà wa náà ń jẹ wá lówó. Kí n má fi ohunkóhun pamọ́, àbúrò ìyàwó mi ló ń kó fóòmù àti aṣọ àga wá. Ṣé kí n lé ọkùnrin yìí ni? Kí ni mo sì lè ṣe tí ìwé ìlànà yẹn kò fi ní jẹ́ bébà lásán?

ÌDÁHÙN

Ẹ má tíì lé e o, ẹ má sì tíì pè é jókòó. Ẹ̀sùn lẹ ní lọ́wọ́ báyìí, ẹ kò tíì ní ẹ̀rí. Bí ẹ bá ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ń bọ̀ ni àwọn 39 yòókù yóò fi mọ̀ bóyá ìwé tí wọ́n buwọ́ lù ní ìtumọ̀.

Kí ẹ tó béèrè pé ta ló jẹ̀bi, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kí ni ẹ̀bùn yẹn ń rà. Agbaṣẹ́ṣe kì í ra fóònù fún ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Nídìí ọjà rírà, nǹkan 4 ló wà tí èèyàn lè tà lábẹ́lẹ̀. Ó lè yan agbaṣẹ́ṣe kan dípò ẹlòmíràn. Ó lè gbà kí a san owó tó ju iye ọjà lọ. Ó lè gba ọjà tí kò pé tàbí tí kò dára wọlé. Ó sì lè jẹ́ kí owó ẹnì kan tètè jáde ju ti àwọn yòókù. Nínú àlàyé yín, ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ni 3 àkọ́kọ́ wà. Ìkẹrin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé àyè kan, nítorí ìwé owó tó bá kọ́kọ́ mú lọ ni akáwó máa kọ́kọ́ rí. Bí ẹ bá lé e lónìí, tí ẹ gbé ẹlòmíràn sípò rẹ̀, ọjà 4 yìí ṣì wà lórí àtẹ, agbaṣẹ́ṣe náà ṣì wà níbẹ̀, owó yín ṣì ń pẹ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu jẹ, ojú tì. Ìdí tí ẹ̀bùn fi ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí kò gbèrò ibi pàápàá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí àdéhùn kankan. Agbaṣẹ́ṣe á dúró ti èèyàn nígbà tí nǹkan le, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni pákó tí kò gbẹ á dé, ojú á sì ti ẹni tó ti jẹun láti dá ọkọ̀ padà. Nítorí náà, bí ọkùnrin náà bá sọ fún yín pé agbaṣẹ́ṣe kò bẹ òun ní ohunkóhun rí, ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kí ilé iṣẹ́ sì ti pàdánù owó.

Ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn, Donald Cressey, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ní Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá àwọn ẹlẹ́wọ̀n lẹ́nu wò, àwọn tí wọ́n fi owó sí ìkáwọ́ wọn tí wọ́n sì ná an. Nǹkan 3 ló rí lára wọn: ìṣòro owó tí wọn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, àyè láti mú owó láìsí ẹni tó máa rí wọn, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá ara wọn láre. Ẹ kíyè sí i pé owó ilé ìwé wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín. Ẹ kò lè mọ gbogbo ìṣòro tó wà nílé òṣìṣẹ́, ẹ kò sì lè wo ọkàn rẹ̀. Àyè nìkan ló wà níkàáwọ́ yín, ẹ̀yin lẹ sì fi sílẹ̀ fún un fún ọdún 6.

Ní ti ìwé ìlànà, kì í ṣe pé ó kéré jù. Ìwé ìlànà ìwà tí ilé iṣẹ́ Enron ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 lé ní ojú ewé 60. Ṣùgbọ́n ní 1999, ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀ ti gbé ìlànà náà tì sápá kan kí Andrew Fastow, ọ̀gá àgbà lórí ètò ìnáwó wọn, lè máa darí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá Enron fúnra rẹ̀ dòwò. Ó ń ṣojú ẹni tó ń tà, ó tún ń ṣojú ẹni tó ń rà. Ní December 2001, Enron lọ sílé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ìlànà tó bá lè yẹ̀ fún ẹni ńlá kò ní di ẹni kékeré mú. A máa padà síbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àbúrò ìyàwó yín.

Ẹ kó ìwé jọ láìpariwo

Ẹ gbé iṣẹ́ yìí fún oníṣirò owó láti ìta. Mi ò sọ pé akáwó yín jẹ̀bi o. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ìwé náà gbà kọjá ni, kò sì sí ẹni tó lè yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Kí oníṣirò náà béèrè fún ìwé oṣù 12, kó sì jẹ́ ti gbogbo ẹni tó ń tajà fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí ojú wà. Bí àkọsílẹ̀ bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣírò ni iye ọjọ́ tí owó fi ń dúró: láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé owó títí di ọjọ́ tí báńkì san án, kí ẹ ṣe é fún agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni pákó yìí bá ń gba owó tirẹ̀ láàárín ọjọ́ 20 tí àwọn yòókù ń dúró fún 100, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ohun tí fóònù rà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọjà 10 tó ń gba owó yín jù, kí ẹ sì béèrè iye wọn lọ́wọ́ olùtajà 3 mìíràn. Kó jẹ́ irú kan náà, kó pọ̀ bákan náà, kó sì jẹ́ àkókò ìsanwó kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa dúró fún oṣù 4 kí owó tó wọlé máa fi owó ìdúró náà kún iye ọjà. Bí ẹ bá wá fi iye rẹ̀ wé ti ẹni tí wọ́n ń san owó fún lójú ẹsẹ̀, ẹ máa pe owó ìdúró ní olè jíjà, ẹ máa sì fi ẹ̀sùn èké kan èèyàn.

Ẹ wo bí ọjà náà ṣe pọ̀ tó pẹ̀lú. Bí tábìlì kan bá ń gba ọ̀pá irin 2, tí ẹ ṣe tábìlì 200 lọ́dún, ọ̀pá 400 ló yẹ kó lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń ṣòfò nígbà gígé, ó di 420. Bí ìwé bá sọ pé 520 ni ẹ rà, tí 10 sì ṣẹ́kù nílé ìkẹ́rùsí, ọ̀pá 90 ń wá àlàyé. Ó lè jẹ́ pé wọn kò dé rárá, ó lè jẹ́ pé wọ́n dé tí wọ́n sì gba ẹ̀yìn jáde, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ń gé irin ń bà á jẹ́. Ìṣirò nìkan kò lè sọ èwo ni, ṣùgbọ́n ó máa sọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Àwọn àmì mìíràn rèé tí oníṣirò náà máa wá: ìwé owó 2 tí wọ́n kọ lọ́jọ́ kan náà fún ọjà kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ dín sí iye tó yẹ kí ẹ buwọ́ lù fúnra yín, nọ́ńbà ìwé owó tó tẹ̀ léra láti oṣù dé oṣù, 0041, 0042, 0043, bí ẹni pé agbaṣẹ́ṣe náà kò ní oníbàárà mìíràn láyé, àkáǹtì báńkì, àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù agbaṣẹ́ṣe tó bá ti òṣìṣẹ́ yín mu, àti òṣìṣẹ́ tí kì í lọ ìsinmi ọdọọdún rárá.

Ẹ má tú fóònù rẹ̀. Ẹ má dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Ẹ má lọ bá agbaṣẹ́ṣe náà ṣáájú, torí kí ẹ tó délé, àwọn méjèèjì á ti pa ẹnu pọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bo àṣírí ẹni tó ta yín lólobó. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ máa bò. Bí èèyàn kan tàbí méjì péré bá mọ̀ nípa owó ilé ìwé yẹn, tí ẹ sì fi í bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ẹ ti dárúkọ onítọ̀hún láìla ẹnu.

Ìgbà tí ẹ bá pè é

Kí ẹ̀yin 2 jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹnì kan máa béèrè, kí ẹnì kejì máa kọ̀wé. Ẹ sọ ohun tí ìpàdé wà fún kó tó wá, ẹ sì jẹ́ kó mú ẹnì kan tó fọkàn tán lẹ́nu iṣẹ́ dání bó bá fẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́: báwo lẹ ṣe ń yan ẹni tí a ó ra pákó lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló ń ka ọjà nígbà tó bá dé? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ìwé síwájú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kó ṣàlàyé. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ẹ̀bùn, kó sì kan gbogbo agbaṣẹ́ṣe: láàárín ọdún kan sẹ́yìn, kí lẹ ti gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń tajà fún wa? Kí ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè náà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ sí i létí, kó tún èyí tí kò tọ́ ṣe, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ bíi 3 láti kọ tirẹ̀ wá. Bí ó bá pọn dandan kó lọ rọ́kún nílé títí ìwádìí á fi parí, kó jẹ́ pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ ní pípé, torí wọn kò tíì dá a lẹ́bi. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbésẹ̀ tirẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn dúró. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tó mọ òfin iṣẹ́ ka ìwé yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Bí ìwé bá fi hàn pé iye ọjà ga láìnídìí, tàbí ọjà kò pé, tàbí ẹnì kan ń fo ìlà sísan owó, tí ẹ̀bùn sì wà, ìwà ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Kí ó lọ, kí ẹ gba owó yín padà lọ́nà òfin, kí ẹ sì fi tó àwọn agbófinró létí níbi tí òfin bá ti ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iye ọjà bá mọ́, tí ọjà pé, tó sì jẹ́wọ́ ẹ̀bùn fúnra rẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ẹ má lé e. Ìwé ìlànà yín sọ pé kí wọ́n má gba rìbá, kò sọ pé kí wọ́n má gba fóònù. Kò dárúkọ iye kankan, kò sọ ẹni tí wọ́n máa sọ fún. Ìwé ìkìlọ̀ tọ́ sí i, kó dá fóònù náà padà, kó sì kúrò nídìí yíyan agbaṣẹ́ṣe. Bí ẹ kò bá rí ohunkóhun, ẹ kọ ọ́ fún un ní ìwé pé ẹ kò rí ohunkóhun. Ẹni tó ta yín lólobó kò gbọ́dọ̀ jìyà kankan, bí ó bá jẹ́ pé ohun tó gbà gbọ́ ló sọ.

Ní ti agbaṣẹ́ṣe, ẹ kọ ìwé sí i kó ṣàlàyé, ẹ sì dá iṣẹ́ tuntun dúró ná. Ẹ san owó ọjà tó ti kó wá tí ẹ sì ti lò. Gbèsè ni, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sì pa gbèsè rẹ́.

Ẹ pín iṣẹ́ náà

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹni tó ní òun nílò ọjà, ẹni tó ń yan olùtajà, ẹni tó ń gba ọjà wọlé, àti ẹni tó ń san owó: kí wọ́n jẹ́ èèyàn 4. Òṣìṣẹ́ 40 tó fún un dáadáa. Ọ̀gá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lè kọ ohun tó nílò, ẹni tó ń ra ọjà á gba iye lọ́wọ́ olùtajà 3, ẹ̀yin tàbí máníjà á yan ọ̀kan, olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí á gbà á wọlé, akáwó á sanwó.

Akáwó kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ kan àyàfi tí ìwé 3 bá wà níwájú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu: ìwé tí a fi ní kí wọ́n kó ọjà wá, ìwé tí olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí kọ nígbà tó ka ọjà, àti ìwé owó agbaṣẹ́ṣe. Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í ṣe níbí: ẹ̀dà ìwé àṣẹ tí ẹ máa fún olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, ẹ yọ bí ọjà ṣe pọ̀ tó kúrò lára rẹ̀. Kó rí orúkọ ọjà, kó má rí bó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ti rí 100 lórí ìwé máa kọ 100 láìkà á, pàápàá tí òjò bá ń ṣú. Ẹni tí kò rí iye kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó kà á lọ. Bí ó bá kan pákó, kó wo bó ṣe gbẹ tó àti bó ṣe nípọn tó pẹ̀lú, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Orúkọ agbaṣẹ́ṣe tuntun kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé láti ọwọ́ ẹni tó ń ra ọjà. Bí agbaṣẹ́ṣe bá kọ̀wé pé òun ti pààrọ̀ àkáǹtì báńkì, kí akáwó pè é lórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, kó má pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà náà, torí ọ̀nà tí àwọn gbájú-ẹ̀ ń gbà nìyẹn. Kí àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde máa wá láti báńkì tààrà sọ́dọ̀ yín lóṣooṣù, kó má gba ọwọ́ akáwó. Kí ẹni tó ń ra ọjà àti akáwó máa lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 tó so pọ̀ lọ́dún, kí ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ wọn nígbà náà. Àwọn tó ń bójú tó báńkì ní Amẹ́ríkà ti ń gba àwọn báńkì nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tipẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí èèyàn ń bò mọ́lẹ̀ ló nílò pé kó máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ láti bò ó.

Ẹ wá tò ìsanwó lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ yan iye ọjọ́ tí agbára yín ká, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí gbogbo agbaṣẹ́ṣe. Ẹ má kọ 30 bí ó bá jẹ́ 60 lẹ lè ṣe. Ìwé owó tó bá kọ́kọ́ dé ni kí wọ́n kọ́kọ́ san, ọ̀dọ̀ akáwó ni kí agbaṣẹ́ṣe sì máa fi ránṣẹ́ tààrà. Bí owó kò bá tó, kí gbogbo wọn dúró lórí ìlà kan náà. Ẹni tó bá máa fo ìlà, ẹ̀yin ni kí ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí owó bá ti ń pẹ́ tí kò sì sí ìlà, àyè lórí ìlà á di ọjà, agbaṣẹ́ṣe olóòótọ́ pàápàá á máa wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀bùn

Ẹ kọ òfin náà lọ́nà tí ẹni tó ń ka ọjà fi máa yé e. Owó, tàbí ohun tó dà bí owó bíi káàdì ìrajà, rárá, bó ti wù kó kéré tó. Kàlẹ́ńdà, bírò àti irú wọn, kò burú. Ẹ yan iye kan ní owó orílẹ̀-èdè yín. Ohun tó bá kọjá iye náà, kí wọ́n dá a padà, tàbí kó di ti gbogbo ilé iṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń yan ẹni tí ẹ máa gbé iṣẹ́ fún lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má gba ohunkóhun. Ẹ ṣí ìwé kan tí wọ́n á máa kọ ọ́ sí: ọjọ́, ẹni tó mú un wá, ohun tó jẹ́, iye tó tó, ohun tí wọ́n fi ṣe. Kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n dá padà pẹ̀lú, torí ẹ̀bùn tí agbaṣẹ́ṣe kan gbé wá lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì dá padà lẹ́ẹ̀mẹta, ń sọ nǹkan fún yín nípa agbaṣẹ́ṣe náà. Kí ẹ sì fi òfin náà ránṣẹ́ sí àwọn agbaṣẹ́ṣe. Kò dára kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kékeré nìkan ló máa ru ẹrù àtikọ ẹ̀bùn fún ọlọ́lá.

Òfin yìí kan ohun tí ẹ̀yin náà ń fún àwọn oníbàárà yín. Siemens, ilé iṣẹ́ Jámánì, san nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.6 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Jámánì títí di December 2008 lórí rìbá tó ń fún àwọn aláṣẹ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Nínú ìwé wọn, owó ìmọ̀ràn ni wọ́n pe púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń buwọ́ lùwé lórí bébà alálẹ̀mọ́ tó ṣeé ṣí kúrò. Nítorí náà, ibikíbi tí ẹ bá ti rí owó ìmọ̀ràn tàbí owó alárinà nínú ìwé yín, ẹ béèrè ìmọ̀ràn wo ni, ta ló gbà á, níbo ni àbọ̀ iṣẹ́ náà wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin rìbá ti ọdún 2010, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè jẹ̀bi bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un bá fún èèyàn ní rìbá nítorí òwò rẹ̀. Ohun tó lè gbà á sílẹ̀ ni kó fi hàn pé òun ti ṣe ètò tó péye láti dènà rẹ̀. Ìwé ẹ̀bùn àti ìwé 3 tí mo sọ lókè wà lára irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ta yín lólobó

Ọ̀nà tí ẹ gbà mọ ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń gbà mọ tiwọn. Nínú ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí jìbìtì lágbàáyé, ACFE, gbé jáde ní 2024, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún jìbìtì tí wọ́n yẹ̀ wò ló jẹ́ pé ẹnì kan ló ta wọ́n lólobó, ó sì lé ní ìdajì nínú wọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́. Yíyẹ ìwé wò kò súnmọ́ ọn. Bí òṣìṣẹ́ yín yìí bá wá rí i pé wọ́n gbé òun kúrò níbi iṣẹ́ àfikún tó ń fún òun lówó, tàbí pé ẹnikẹ́ni kò bá òun jẹun mọ́ tí ọ̀gá sì ń wò, kò sí ẹlòmíràn tó máa la ẹnu láàárín ọdún 10 tó ń bọ̀.

Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà ní ìṣọ̀kan, ti ọdún 2019, sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín ọjọ́ 7, kí wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé. Láàárín oṣù 3 lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n bá a dé fún un. Ẹ kò tó 50, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ orílẹ̀-èdè yín, ṣùgbọ́n ẹ lo ọjọ́ 7 àti oṣù 3 náà. Kó jẹ́ ọ̀nà 2, kí ọ̀kan má jẹ́ ọ̀dọ̀ yín, torí ọjọ́ kan lè wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n fẹ́ sọ. Lẹ́yìn oṣù 3, àti lẹ́yìn oṣù 6, ẹ fúnra yín wo owó oṣù ẹni náà, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n fi í sí, kí ẹ rí i bóyá nǹkan ti yí padà.

Ẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe kan tí àwọn olówó iṣẹ́ sábà máa ń ṣe lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ yìí: kí inú bí yín, kí ẹ ní kí ẹni tuntun dín iye owó ọjà kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù 6, kó má sì mú àwáwí wá. Nígbà kan, báńkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà ń fi agbára mú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ta oríṣi ọjà 8 fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì fún àwọn tí kò béèrè. Báńkì náà lé òṣìṣẹ́ bíi 5,300, ó san mílíọ̀nù 185 dọ́là owó ìtanràn ní 2016, ó tún san bílíọ̀nù 3 ní 2020. Ẹ fi iye ọjà tó dé lásìkò, iye èyí tí ẹ dá padà, àti gbogbo ohun tí ọjà náà ná yín títí á fi di tábìlì, díwọ̀n iṣẹ́ ẹni tuntun.

Àbúrò ìyàwó yín

Mi ò ní kí ẹ má ra fóòmù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ kọ àjọṣe yín sílẹ̀ níbi tí máníjà àti akáwó ti lè rí i. Kí wọ́n gba iye fóòmù lọ́wọ́ olùtajà 3, kí tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí ẹ kúrò nínú ìpinnu náà pátápátá, kí máníjà yan ẹni tó bá tó yàn, kó sì kọ ìdí rẹ̀. Kí owó rẹ̀ dúró lórí ìlà bíi ti gbogbo èèyàn. Bí ó bá pàdánù, ó pàdánù, ẹ̀yin lẹ sì máa jẹ́ kí ìyàwó yín mọ̀ ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti máníjà.

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó pe ẹni tó ń bá yín ra ọjà. Oníṣirò láti ìta máa lo bí ọ̀sẹ̀ 2 lórí ìwé, àkókò yẹn tó yín láti kọ ọ̀rọ̀ àna yín sílẹ̀ àti láti jẹ́ kí àwọn olùtajà fóòmù mìíràn mú iye tiwọn wá. Tí ọkùnrin náà bá jókòó síwájú yín, tó sì bi yín pé, "Ọ̀gá, fóòmù ńkọ́?", kí ìwé rẹ̀ ti wà lórí tábìlì.